Fut àti Fût: Àyẹ̀wò Ìṣẹ̀dá àti Ìlò Subjonctif Imparfait Èdè Faransé ní Ojú Akẹ́kọ̀ọ́ tí Ń Sọ Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé kan tí àwọn onígírámà èdè náà ń pè ní subjonctif imparfait. Èrò tí ó gbilẹ̀ láàrin àwọn olùkọ́ ni pé ìrísí náà ti kú, pé líle rẹ̀ ni ó pa á, àti pé kò yẹ kí ó tún máa yọ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu mọ́. A ṣe lámèyítọ́ èrò yìí. A kọ́kọ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ìrísí náà àti ibi tí a ti ń lò ó. Lẹ́yìn èyí ni a fi í wé ìlò kí, ìbá àti ìbáà nínú èdè Yorùbá. Àbájáde wa ni pé kì í ṣe líle ni ó lé e kúrò lẹ́nu àwọn Faransé, bí kò ṣe pé iṣẹ́ tí ó ní ìtumọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ náà kò bá tíì bọ́, ìrísí náà kò tíì kú. A dábàá pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa máa kọ́ ọ fún òye ìwé kíkà, kí wọ́n sì dẹ́kun fífi í jẹ akẹ́kọ̀ọ́ níyà nínú àròkọ.

1.0 Ìfáárà

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn méjì yìí, tí àwa fúnra wa ṣe fún àpẹẹrẹ:

(1) Son fils mourut.
Ọmọ rẹ̀ kú.

(2) Elle craignait que son fils ne mourût.
Ẹ̀rù ń bà á kí ọmọ òun má lọ kú.

Nínú (1), ọmọ ti kú, òfò ti ṣẹ̀. Nínú (2), ọmọ ṣì wà láàyè. Àyà ìyá rẹ̀ ni ó ń já. Ní ti ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe, ohun tí ó ya ọmọ tí ó kú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tí ó wà láàyè kò ju àmì kékeré kan lọ, èyí tí ó dé orí fáwẹ̀lì bí fìlà. Ó ti ṣojú wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dáńtọ́ ka irú gbólóhùn (2), tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà kú. Ẹlòmíràn rí ne nínú rẹ̀, ó kà á sí ìyísódì, ó ní ọmọ náà kò kú. Àwọn méjèèjì ni ó mọ ìtumọ̀ mourir. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ìrísí kan tí a ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kò wúlò mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní ẹ̀ka Yorùbá pẹ̀lú. Iṣẹ́ méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń pa pọ̀ fún ìwé-ẹ̀rí NCE ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń pa Faransé àti Yorùbá pọ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1998 pe Faransé ní èdè ìjọba kejì. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà ní Kétu, Ṣábẹ àti Sàkẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àti àwọn tí wọ́n wà ní Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò, Faransé ni wọ́n fi ń kàwé. Nítorí náà, bí a bá ń wádìí bí ọmọ Yorùbá ṣe ń lóye èdè Faransé, a kò kúrò lórí iṣẹ́ wa.

2.0 Ohun tí subjonctif jẹ́

Kí a tó dé orí ìṣẹ̀dá, ó yẹ kí a sọ ohun tí a ń pè ní subjonctif. Bí Faransé bá ń sọ ohun tí ó gbà pé ó ṣẹlẹ̀ tàbí pé ó ń ṣẹlẹ̀, ìrísí tí wọ́n ń pè ní indicatif ni ó ń lò. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ọkàn ń fẹ́, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bani, tí a pa láṣẹ, tí a ń ṣiyèméjì lé lórí, tàbí tí a kàn gbé síwájú ọkàn láìfọwọ́sọ̀yà pé ó rí bẹ́ẹ̀, subjonctif ni yóò lò. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ asopọ̀ que ni ó ti sábà máa ń jẹ yọ.

Ẹni tí ń sọ Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí ìyàtọ̀ yìí. A ń sọ pé Mo mọ̀ pé ó lọ, a sì ń sọ pé Mo fẹ́ kí ó lọ. Pé ń gbé ohun tí a fọwọ́ sí kalẹ̀. Kí ń gbé ohun tí a ń fẹ́ tàbí tí a ń bẹ̀rù kalẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe lọ kò yí padà, ṣùgbọ́n arọ́pò-orúkọ ẹnì kìíní ẹyọ ń yí padà: Ó mọ̀ pé mo lọ, ṣùgbọ́n Ó fẹ́ kí n lọ. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, a kì í sọ pé kí mo lọ. Èyí fi hàn pé gírámà tiwa náà mọ̀ pé abẹ́ kí kì í ṣe ibi kan náà pẹ̀lú abẹ́ pé.

Ẹ tún wo (2) lẹ́ẹ̀kan sí i. Ne inú rẹ̀ kì í ṣe ìyísódì gidi. Ẹ̀rù ni ó fà á wọ inú gbólóhùn. Yorùbá ń ṣe ohun kan náà: Ẹ̀rù ń bà á kí ọmọ òun má lọ kú. Má wà níbẹ̀, síbẹ̀ ikú ọmọ ni ìyá ń bẹ̀rù, kì í ṣe àìkú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fi má yìí ṣàlàyé ne kò ní pẹ́ kí kíláàsì tó yé e. Èyí tí ó bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé rẹ̀ yóò ṣe làálàá, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní irú rẹ̀.

3.0 Ìṣẹ̀dá subjonctif imparfait

3.1 Ìlànà

Ìgbésẹ̀ méjì péré ni ìṣẹ̀dá rẹ̀. Èkínní, kí a mú ìrísí ẹnì kejì ẹyọ nínú passé simple, ìyẹn àsìkò tí èdè ìwé Faransé fi ń ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tí ó sì parí. Èkejì, kí a fi -se, -ses, -sions, -siez tàbí -sent kún un gẹ́gẹ́ bí olùwà bá ṣe jẹ́. Ẹnì kẹta ẹyọ nìkan ni ó yàtọ̀: a ó yọ s ìparí kúrò, a ó dé fáwẹ̀lì ní fìlà, a ó sì fi t parí rẹ̀. Fún parler, tí passé simple rẹ̀ jẹ́ tu parlas, ohun tí a ó rí nìyí:

que je parlasse
que tu parlasses
qu'il parlât
que nous parlassions
que vous parlassiez
qu'ils parlassent

Bákan náà ni ti àwọn yòókù. A fi ìrísí ẹnì kìíní àti ti ẹnì kẹta ẹyọ hàn:

finir: tu finis, que je finisse, qu'il finît
vouloir: tu voulus, que je voulusse, qu'il voulût
venir: tu vins, que je vinsse, qu'il vînt
faire: tu fis, que je fisse, qu'il fît
avoir: tu eus; que j'eusse, qu'il eût
être: tu fus, que je fusse, qu'il fût

Ẹni tí ó bá ti mọ passé simple ọ̀rọ̀-ìṣe kan ti mọ subjonctif imparfait rẹ̀ láìṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. Haïr yà díẹ̀ ní ti àkọtọ́, nítorí pé àmì oníkókó méjì tí ó wà lórí i rẹ̀ kò fún fìlà láyè: qu'il haït ni a ń kọ.

3.2 Ibi tí ìrísí méjì ti di ọ̀kan

Ohun kan wà tí àwọn ìwé gírámà ilé-ẹ̀kọ́ kì í tẹnu mọ́. Bí a bá fi subjonctif imparfait ti finir wé subjonctif présent rẹ̀, márùn-ún nínú ìrísí mẹ́fà ni ó bára mu pátápátá: que je finisse, que tu finisses, que nous finissions, que vous finissiez, qu'ils finissent. Ẹnì kẹta ẹyọ nìkan ni ó fi ìyàtọ̀ hàn: qu'il finisse ni ti présent, qu'il finît ni ti imparfait. Gbogbo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń tẹ̀lé ọ̀nà finir, bíi choisir àti obéir, ni ó rí bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ńlá yìí, Faransé kò mọ èwo ni òun ń sọ nínú méjèèjì àyàfi ní ẹnì kẹta ẹyọ. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

3.3 Ìtàn àmì onífìlà

Láti inú èdè Látìnì ni ìrísí yìí ti wá. Ìrísí Látìnì bí amavissem, tí ẹnu gé kúrú sí amassem, ni ó di aimasse lẹ́nu àwọn Faransé. Ẹnì kẹta ẹyọ rẹ̀ ní s tẹ́lẹ̀: aimast, fust ni wọ́n ń kọ. Nígbà tí ó yá, wọn kò pe s náà mọ́, síbẹ̀ wọ́n ń kọ ọ́. Nínú ẹ̀dà kẹta ìwé atúmọ̀-èdè Académie française, tí ó jáde ní 1740, ni wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú s bẹ́ẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì fi fìlà rọ́pò rẹ̀. Fìlà orí fût jẹ́ àmì ibi tí wọ́n sin lẹ́tà kan sí.

Àwa tí a ń jà fún àmì ohùn lórí Yorùbá mọ ohun tí àmì kékeré lè ṣe. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà. Àmì ohùn wa ń sọ ohun tí ẹnu pè. Bí a kò bá kọ ọ́, ẹnu ṣì ń pè é. Bákan náà ni fut àti fût ṣe ń dún létí. Ojú nìkan ni ó ń rí ìyàtọ̀ wọn. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi etí kọ́ ọ. Bí olùkọ́ kò bá fi hàn án lórí ìwé, kò sí ibòmíràn tí yóò ti rí i. Àwọn tí wọ́n ṣe àtúnṣe àkọtọ́ Faransé ní 1990 mọ èyí: wọ́n gbà kí a máa yọ fìlà kúrò lórí i àti u nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ìparí passé simple àti ti subjonctif.

4.0 Ìlò rẹ̀ nínú ìtòtẹ̀léra àsìkò

Iṣẹ́ tí ìwé gírámà máa ń kọ́kọ́ kà fún ìrísí yìí ni ìtòtẹ̀léra àsìkò. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe inú olórí awẹ́-gbólóhùn bá wà ní àsìkò tí ó ti kọjá, tàbí ní conditionnel, ti inú awẹ́-gbólóhùn afarahẹ yóò wà ní subjonctif imparfait:

(3) Je veux qu'il parte.
Mo fẹ́ kí ó lọ.

(4) Je voulais qu'il partît.
Mo fẹ́ kí ó lọ (nígbà náà).

Bí ìṣẹ̀lẹ̀ inú awẹ́-gbólóhùn afarahẹ bá ti ṣáájú, plus-que-parfait ni a ó lò. Subjonctif imparfait avoir tàbí être ni a fi ń ṣẹ̀dá òun náà:

(5) Je regrettais qu'il fût parti.
Ó dùn mí pé ó ti lọ.

Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé: kí ni partît inú (4) sọ fún wa tí voulais kò tíì sọ? Voulais ti jẹ́ kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá ni. Partît kàn ń tún un sọ ni. Èdè Yorùbá kò ní irú àtúnsọ yìí rárá. Àsìkò afànámónìí wa kó àná àti òní pọ̀. Mo fẹ́ kí ó lọ lè jẹ́ ti ìsinsìnyí, ó sì lè jẹ́ ti àná. Bí a bá fẹ́ kí ó yéni, a ó fi lánàá tàbí nígbà náà kún un. Kò sí ẹni tí ó tíì sọ pé gbólóhùn náà rú òun lójú nítorí pé lọ kò yí padà lẹ́yìn kí.

Àwọn Faransé fúnra wọn ti gba ọ̀nà yìí. Lónìí, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni:

(6) Je voulais qu'il parte.

Ìjọba wọn náà sì ti fọwọ́ sí i. Àṣẹ tí Georges Leygues, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Faransé, fi lélẹ̀ ní 26 oṣù Kejì ọdún 1901 gbà pé kí a má ṣe ka présent sí àṣìṣe nínú ìdánwò bí olórí awẹ́-gbólóhùn bá wà ní conditionnel. Àṣẹ mìíràn, ti 28 oṣù Kejìlá ọdún 1976, mú àyè náà gbòòrò dé ibi tí olórí awẹ́-gbólóhùn bá ti wà ní àsìkò tí ó ti kọjá. Èyí ni pé ohun tí ọmọ ilẹ̀ Faransé lè kọ nínú ìdánwò láti 1976 láìpàdánù máàkì, àwọn olùkọ́ kan ní ọ̀dọ̀ wa ṣì ń fi gègé pupa fa ìlà sí i nídìí. Àṣẹ ilẹ̀ Faransé kò de ilé-ẹ̀kọ́ wa, a mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí alejò yóò fi mọ orúkọ òkú ju onílé lọ.

5.0 Kí ni ó lé e kúrò lẹ́nu?

Èrò mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́ lórí ohun tí ó fa ikú ìrísí yìí lẹ́nu. Ó yẹ kí a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èrò kìíní ni pé ó le jù. Ohun tí a sọ ní 3.1 ti tako èyí. Ìlànà kan ṣoṣo ni ó ń darí rẹ̀. Subjonctif présent ni ó kún fún ìyapa: que je sois, que j'aie, que j'aille, que je fasse, que je sache, que je puisse, que je veuille. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìlànà ẹyọ kan kó gbogbo wọn. Síbẹ̀ ọmọdé ilẹ̀ Faransé ń sọ wọ́n lójoojúmọ́. Bí líle bá ń pa ìrísí, présent ni ìbá ti kú, kì í ṣe imparfait.

Èrò kejì ni pé kò dùn létí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Ìparí -assions àti -assiez jọ àfòmọ́ ìparí -asser tí Faransé fi ń tẹ́ńbẹ́lú ìṣe, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú rêvasser àti traînasser. Ewì ẹ̀fẹ̀ kan wà, Complainte amoureuse, tí wọ́n ń kà sí ọwọ́ Alphonse Allais (1854–1905), tí gbogbo ẹ̀rín inú rẹ̀ dá lórí kíkó irú ìparí bẹ́ẹ̀ jọ sẹ́nu ọkùnrin tí ń kọ ẹnu ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kì í pa ohun tí ara rẹ̀ le. Ohun tí àwọn ènìyàn kò nílò mọ́ ni ẹ̀rín tètè máa ń bá. Yàtọ̀ sí èyí, ẹnì kẹta ẹyọ kò ní ìparí tí ó ń pani lẹ́rìn-ín yìí: partît dún gẹ́gẹ́ bí partit, ó kúrú, ó sì rọ̀ lẹ́nu. Òun náà sì kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹnu bákan náà.

Èrò kẹta ni ó lágbára jù: pé passé simple ni ìyá rẹ̀, àti pé nígbà tí ìyá kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ọmọ bá a lọ. Ṣùgbọ́n èdè Ítálì kò jẹ́ kí a gba èyí tán. Ní àríwá ilẹ̀ Ítálì, àsìkò tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ passé simple ti di ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ lẹ́nu, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń sọ fosse àti avessi, tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ fût àti eusse, nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ìyá ti lọ, ọmọ ṣì wà nílé.

Kí ni ó wá dé? Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ ni kí a wò. Nínú èdè Ítálì, Sípáníṣì àti Potogí, àwọn ẹgbẹ́ ìrísí yìí ni a fi ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀: Potogí ń sọ pé se eu fosse rico, èyí tí ó túmọ̀ sí ìbá ṣe pé mo lówó. Àwọn ìran Yorùbá tí wọ́n wà ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì ń sọ ọ́ lẹ́nu lójoojúmọ́, nítorí pé Potogí ni èdè wọn. Faransé àtijọ́ náà ń fi subjonctif imparfait ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni si pẹ̀lú indicatif imparfait gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀: si j'étais riche ni Faransé ń sọ lónìí. Nígbà tí iṣẹ́ tí ó ní ìtumọ̀ yìí bọ́, ìtòtẹ̀léra àsìkò nìkan ni ó kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn que, àwa sì ti rí i ní 4.0 pé àtúnsọ lásán ni. Ọ̀wọ́ finir ti fi hàn tẹ́lẹ̀ pé a lè ṣe é láìsí ìyàtọ̀ náà. Ẹnu kì í pẹ́ kó tó ju ẹrù tí kò ní nǹkan nínú sílẹ̀.

6.0 Ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀

Bí àlàyé wa bá tọ̀nà, ó yẹ kí a rí ìrísí yìí láàyè níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì bọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó sì rí. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(7) Fût-il roi, je ne le saluerais pas.
Ìbáà jẹ́ ọba, n kò ní kí i.

(8) Restez, ne fût-ce qu'une heure.
Ẹ dúró, ìbáà ṣe fún wákàtí kan péré.

(9) Il parlera, dût-il en mourir.
Yóò sọ̀rọ̀, bí yóò tilẹ̀ kú sí i.

(10) Plût à Dieu qu'il vécût encore !
Ọlọ́run ìbá jẹ́ kí ó ṣì wà láàyè!

(11) On eût dit un roi.
À bá pè é ní ọba.

Kò sí èyí tí ó jẹ́ ìtòtẹ̀léra àsìkò lásán nínú wọn. Fût-il inú (7) kò tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe kankan. Òun ni ó ṣíwájú, ó sì ń gbé ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Ìbáà ni èdè wa fi ń ṣe é. Plût inú (10) ń sọ ohun tí ọkàn ń fẹ́ tí ọwọ́ kò lè tẹ̀ mọ́. Ìbá ni a fi túmọ̀ rẹ̀. Eût dit inú (11) ń sọ ohun tí ojú ìbá rò. À bá ni tiwa. Ó yẹ fún àfiyèsí pé ìdílé ọ̀rọ̀ kan náà, ìbá àti ìbáà, ni ó jẹ yọ nínú mẹ́rin lára ìtumọ̀ márààrún. Kì í ṣe pé Faransé àti Yorùbá bá ara tan. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọkàn ènìyàn níbi gbogbo nílò ohun tí yóò fi sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, èdè kọ̀ọ̀kan sì ń wá irinṣẹ́ fún un.

Lẹ́yìn àwọn àkànlò bẹ́ẹ̀, ìwé lítíréṣọ̀ ni ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí À la recherche du temps perdu, tí Marcel Proust kọ, tí ó jáde láàrin 1913 àti 1927, yóò bá a pàdé lemọ́lemọ́. Bákan náà ni Madame Bovary ti Flaubert (1857). Ẹ jẹ́ kí a fi Albert Camus ṣe àpẹẹrẹ ìṣòro tí ó wà nínú yíyan ìwé fún kíláàsì. Passé composé ni ó fi ròyìn ìtàn inú L'Étranger (1942) ní pàtàkì; passé simple ni ó fi ròyìn ti La Peste (1947). Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ́ pẹ̀lú L'Étranger nìkan lè rò pé òun ti mọ èdè ìwé Faransé tán, títí ọjọ́ tí yóò ṣí èkejì.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà náà, a kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́, kọ Doguicimi ní 1938. Ìtàn Dàhọ̀mì ní ayé ọba Gẹ̀zò ni, ọba tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ka ìtàn Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá. Léopold Sédar Senghor gba ìwé-ẹ̀rí agrégation nínú gírámà ní 1935, wọ́n sì dìbò yàn án sínú Académie française ní 1983. Àwọn wọ̀nyí kọ Faransé ti ìwé bí ẹni tí ó ni ín. Bí a bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kò sí ìdí láti mọ gírámà tí wọ́n fi kọ̀wé, a ti ti ilẹ̀kùn ilé baba rẹ̀ mọ́ ọn.

7.0 Ìmọ̀ràn fún olùkọ́

Ohun tí a ti sọ yìí tako oríṣi olùkọ́ méjì. Èkínní ni ẹni tí ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ há gbogbo ìrísí mẹ́fà sórí, tí ó sì ń retí kí wọ́n kọ que nous parlassions nínú àròkọ nípa ọjọ́ ìbí. Èkejì ni ẹni tí ó ní kí a ju gbogbo rẹ̀ nù. Ọ̀kan ń kọ́ni ní ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ. Èkejì ń fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ láìní ojú tí yóò fi kàwé. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Bí a tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ, kò yẹ kí ó kúrò nínú ohun tí ó gbọ́dọ̀ lè kà. Nítorí náà, a dábàá pé:

(i) kí a kọ́ ẹnì kẹta ẹyọ ṣáájú, nítorí pé òun ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ìwé; kí a fi fut àti fût, eut àti eût, mourut àti mourût sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì máa sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ àti èyí tí a kàn ń rò;

(ii) kí a fi kí ṣàlàyé ìlò rẹ̀ lẹ́yìn que, kí a sì fi ìbá àti ìbáà ṣàlàyé fût-il, ne fût-ce que àti eût dit;

(iii) kí a má ṣe yọ máàkì lára akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ Je voulais qu'il parte;

(iv) kí olùkọ́ Faransé àti olùkọ́ Yorùbá jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá ti ń pa iṣẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ìmọ̀ràn kẹta yóò ba èdè akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó bá lọ sí Abúlé Faransé ní Àjàrá, ní Àgbádárìgì, tàbí tí ó bá kọjá ẹnubodè dé Kùtọnu, parte ni yóò gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ àti àwọn oníròyìn. Bí ó bá ń sọ partît fún wọn, wọn yóò rò pé ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé inú ilé ìkàwé, tí ó sì ṣí ìwé, partît ni yóò pàdé. Ó yẹ kí ó mọ ohun tí ẹnu ń lò, kí ó sì mọ ohun tí ìwé ń lò.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣẹ̀dá subjonctif imparfait láti ara passé simple, a sì ti fi hàn pé ìṣẹ̀dá náà rọrùn ju ti présent tí gbogbo ayé ń sọ lọ. A tako èrò pé líle tàbí àìdùn létí ni ó pa á. Iṣẹ́ ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: si gba ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ohun tí ó kù lẹ́yìn que kò fi ìtumọ̀ kún gbólóhùn. Níbi tí ìtumọ̀ ṣì wà, nínú fût-il àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìrísí náà wà láàyè, ọmọ Yorùbá sì ní ìbá àti ìbáà tí yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ìyá inú gbólóhùn (2) ṣì ń bẹ̀rù kí ọmọ òun má lọ kú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kà á tí ó sì sọ pé ọmọ ti kú kò ṣe àṣìṣe kékeré. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti là á lójú sí fìlà orí fáwẹ̀lì náà.